Láíbìrì Ìlú Kékeré: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé ilé ìkàwé ìjọba ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹnu àwọn ará ìlú ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn kan bi mí nídìí tábìlì náà, àwọn kan dá mi dúró lọ́nà ọjà, ẹnì kan tilẹ̀ bi mí níbi ìnáwó nígbà tí òkèlè ṣì wà lẹ́nu mi. Bí mo ṣe dá wọn lóhùn náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó wọlé?

Rárá o. Ẹ wọlé, ẹ wá àga, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ máa yá ìwé lọ sílé ló máa forúkọ sílẹ̀, àwọn ilé ìkàwé kan sì máa ń gba owó díẹ̀ fún káàdì. Láti 1949 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí ilé ìkàwé ìlú ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún un ṣe ní 1972, ní 1994 àti ní 2022, ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní ṣíṣí. Nílùú kékeré bíi tiwa, ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró síta ju owó lọ. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irú àwa náà lè wọlé?" Ẹ máa bọ̀. Kódà pẹ̀lú sílípáàsì ẹsẹ̀ yín.

Ìwé tèmi ni mo fẹ́ gbé wá kà, mi ò fẹ́ tiyín. Ṣé kò burú?

Kò burú rárá. Ká sòótọ́, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé. Ọmọ tó ń múra WAEC, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbéga, ọmọ yunifásítì tí ìyanṣẹ́lódì lé wálé: oníkálukú á gbé báàgì rẹ̀ wá, á tú ìwé sórí tábìlì, kò sì ní nawọ́ kan pẹpẹ wa títí a ó fi ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ó máa ń bí mi nínú. Èmi ni mo ń nu eruku ìwé láràárọ̀, wọn ò sì wo ìwé náà. Ọmọbìnrin kan ló là mí lójú láìmọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lè jókòó sílé ka ìwé rẹ̀. Ó ní, "Yàrá kan ni gbogbo wa ń gbé, mà." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ro ìyókù fúnra mi: tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́bàá fèrèsé, àti ẹni tí yóò pè é ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún pé kó sáré lọ ra ata wá. Àga, tábìlì, ìmọ́lẹ̀, àti wákàtí mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́, ohun tí ọmọ náà ń wá nìyẹn. Ẹ yí ìlú po, ẹ wá ibòmíràn tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ọlọ́rọ̀ ní àga, àmọ́ ẹ ò lè wọbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ní ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ariwo àdúrà ló tọ́ síbẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìwé ni òyìnbó ti fa orúkọ tí wọ́n ń pe ilé yìí yọ. Àwa pè é ní ilé ìkàwé. Ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ, a ò fi ẹrù inú rẹ̀ sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ro ìyẹn, n kì í béèrè mọ́ pé ìwé ta lẹ gbé dání.

Ṣé ọmọ mi lè fi ibẹ̀ múra JAMB?

Ó lè ṣe é. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí 2: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ìbéèrè kan gbà. Ọmọ tó mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n tí kò di máòsì mú rí, àkókò náà á ti lọ kó tó rí ibi tí yóò tẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà méjì péré bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ìlú yín, ẹ jẹ́ kó wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí lóòjọ́. Ó sàn ju kó lo wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní káfè lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Íntánẹ́ẹ̀tì ò tilẹ̀ pọn dandan, nítorí ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà.

Ìforúkọsílẹ̀ JAMB kò sí lọ́wọ́ wa o. Ẹ lọ sí ibùdó tí JAMB fọwọ́ sí. Ìwé ìbéèrè tó ti kọjá tí a tẹ̀ sórí bébà, inú ilé níbí lẹ ó ti kà á. A ti yá a fún wọn lọ sílé rí. Ojú ewé ìdáhùn ni wọ́n ya.

Ṣé mo lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kí n fi lọ nájà?

Ìyá tó bi mí ní èyí ti gbé ọmọ náà sórí àga kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ tí kò tíì lè lọ tọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n lọ, mo bẹ̀ yín. Èyí tó ti ń lọ iléèwé, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́jọ́ ọjà: àwọn ọmọ ọlọ́jà ò ní ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí títí ìyá wọn yóò fi palẹ̀ ọjà mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ètò iṣẹ́ wa fi wákàtí àlọ́ sí. Yàrá máa ń ṣófo lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí a gbé e lọ sí ọjọ́ ọjà, tí ó di ọrọọrún, ibi tí àwọn ọmọ máa jókòó sí kò tó mọ́. Ó da kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì rú, nítorí ọjọ́ ọjà ò mọ Ọjọ́bọ̀ yàtọ̀ sí Ọjọ́rú, àmọ́ gbogbo ìyá tó wà nílùú ló mọ ọjọ́ tó bọ́ sí láìwo kàlẹ́ńdà.

Àlọ́ àpamọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ló ń tètè pa ariwo lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ìwé alàwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ láti òkè òkun, yìnyín ló bo gbogbo ilẹ̀ inú wọn. Ọmọkùnrin kan wo ọ̀kan títí, ó ní ta ló da gààrí tó tó báyìí sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe ìwé tiwa. Ọmọ kan á pa àlọ́ Ìjàpá, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, àwọn yòókù á ya àwòrán sí i, a ó fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé ọmọdé tó wà lọ́dọ̀ wa, àwọn olówùú yẹn ni etí wọn ti já jù.

Ìyá mi ò mọ̀wé kà. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Kí wọ́n gbé ohun tó bá ń rú wọn lójú wá. Bàbá àgbẹ̀ kan gbé ike oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko wá bá mi. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé mo ní láti wọ awò. Ohun tí bàbá fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ìdérí mélòó ni wọ́n máa dà sí kẹ́ẹ̀gì omi kan? Mo ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn, títí kan ibi tí wọ́n ti sọ pé kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má sì fi ike náà bu omi mu nígbà tó bá tán. (Wọ́n ti ń fi èyí àtijọ́ bu omi mu.) Mo sọ fún wọn pé n kì í ṣe onímọ̀ oògùn, mo bá wọn pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lágbègbè wa, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Kò gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ. Tí ẹ bá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo ṣe iṣẹ́ láíbìrì jù lọ láyé mi, ọjọ́ yẹn ni màá mú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé kan ò kúrò lórí pẹpẹ.

Lẹ́tà ilé ìwòsàn, fọ́ọ̀mù NIN, ìwé tí bánkì fi ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ là ń kà fún wọn. Ohun tí a kì í ṣe ni pé kí a bá ènìyàn tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sórí fóònù tàbí ẹ̀rọ POS, bó ti wù kó bẹ̀ wá tó.

Ẹ̀kọ́ àgbà tún wà nírọ̀lẹ́. Nígbà kan, a-b-d la fi ń bẹ̀rẹ̀ bíi ti ọmọdé, àwọn ìyá ọlọ́jà á wá lọ́sẹ̀ méjì, wọ́n á sì sá. Ìgbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kà gan-an, ẹnu wọn kò ní: àlááàtì. Oníbàárà á ní òun ti fowó ránṣẹ́, á na fóònù sí wọn lójú, wọ́n á sì gbé ọjà fún un, ó lè jẹ́ ayédèrú. Ní báyìí, nọ́ńbà la kọ́kọ́ ń kọ́ wọn, lẹ́yìn náà orúkọ ara wọn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré, credit àti debit. Ẹni tó bá ti lè ka èyí lórí fóònù ara rẹ̀, òun ni yóò máa lé wa pé kí a kọ́ òun ní èyí tó kù.

Níbo ni ìwé Yorùbá wà?

Nítòsí ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà. Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ètò nọ́ńbà tí ẹ̀ ń rí lẹ́yìn ìwé jáde ní 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 títí dé 900. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní 630, ìṣègùn ní 610, ìtàn Nàìjíríà ní 966.9. Ìwé èdè Yorùbá jẹ́ 496.333, ìtàn àròsọ, ewì àti eré onítàn wa jẹ́ 896.333. Ètò náà dára: ẹni tó bá mọ 630 nílùú wa, á mọ̀ ọ́n ní ilé ìkàwé yòówù tó ń lo Dewey láyé.

Àmọ́ mo ní ìjà kan bá a. Nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà tó yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, ti Kristẹni gba èyí tó pọ̀ jù, Ìsìláàmù gba 297 nìkan, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá sì lọ há sí 299.68333. Ìwé ẹsẹ Ifá tín-ín-rín kan wà lọ́dọ̀ wa tí nọ́ńbà rẹ̀ kò gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá sì tẹ̀ lé nọ́ńbà, èdè á wà lápá kan, ìtàn lápá kan, ìsìn lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Ni mo bá kó gbogbo wọn jọ síbì kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kì í yáwèé tẹ́lẹ̀ ti ń yá a.

Mo ní ìwé púpọ̀ nílé tí mo fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Ẹ ṣeun. Kẹ́ ẹ tó háyà ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí páálí náà wò. Ìwé tí ẹ ò lè fún ọmọ yín kà, ẹ má fún wa. Wọ́n ti gbé ìwé kọ̀ǹpútà tó ń ṣàlàyé dísìkì pẹlẹbẹ wá rí, àti ìwé òfin orílẹ̀-èdè mìíràn, àti páálí kan tí ikán ti kọ́lé sí nínú, tí a wá gbé ikán náà wọ inú ilé fúnra wa. Ó gbà wá ní oṣù méjì láti lé e. Kíkọ ẹ̀bùn padà ṣòro nílùú tí gbogbo wa ti mọra, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ níbí kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti ojú.

Ohun tá a ń fẹ́: ìwé ọmọdé lédè Yorùbá, ìwé atúmọ̀ èdè tuntun, ìwé WAEC tó bá ètò ẹ̀kọ́ ìsinsìnyí mu, owó ìwé ìròyìn oṣù kan. Àga oníke náà wúlò. Bátìrì sólà wúlò jù ú lọ.

Ọlọ́lá kan fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé fún ìlú wa. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní?

Kí wọ́n má tíì ra sìmẹ́ǹtì.

Ẹni tó kọ́ ilé ìkàwé jù láyé ni Andrew Carnegie. Dunfermline ní Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1835, ìṣẹ́ ló sì lé àwọn òbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọmọdé ní Allegheny, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Colonel James Anderson tó ní ìwé bí 400 nílé. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, á ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n wá yá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Carnegie ti mu. Nígbà tó wá di olówó irin, owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé 2,509 láàárín 1883 àti 1929, 1,689 nínú wọn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sì wà ní ìlú tí kò tóbi ju tiwa lọ. Èyí tó kọ́kọ́ kọ́, ìlú tí wọ́n ti bí i ló kọ́ ọ sí.

Ibi tó yẹ kí ọlọ́lá wa wò dáadáa ni májẹ̀mú rẹ̀. Ilé nìkan ni Carnegie ń kọ́. Ìlú ló máa pèsè ilẹ̀, ìlú náà ló sì máa ṣèlérí pé lọ́dọọdún ni àwọn á máa na ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó fún wọn: bó bá fún wọn ní dọ́là 10,000, wọ́n á máa na 1,000 lọ́dọọdún lórí owó oṣù, ìwé àti iná. Ìlú tí kò bá lè ṣèlérí náà, kò ní kọ́ ọ fún wọn. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ṣíṣí kọ́ ni ìṣòro. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ ṣíṣí la máa ń rówó fún. Gángan á dún, aṣọ ẹbí á tàn, wọ́n á já rìbọ́ǹnù. Lọ́dún kejì, ewúrẹ́ á ti máa sùn sí fàráńdà, nítorí kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò máa san owó oṣù ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Ilé kékeré nìkan kọ́ nirú rẹ̀ ń bá: 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ńlá ti National Library jáde ní Àbújá, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi dúró láìparí.

Ìlú mìíràn tún wà tí kò dúró de ọlọ́lá kankan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1833, àwọn ará Peterborough, ìlú kékeré kan ní New Hampshire, ṣe ìpàdé ìlú. Ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ti ń gba owó orí lọ́wọ́ báńkì, ó sì ń pín in fún àwọn ìlú fún ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ìlú yòókù ń ná tiwọn sórí iléèwé. Ní Peterborough, pásítọ̀ wọn, Abiel Abbot, dábàá pé kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fi ra ìwé tí gbogbo ará ìlú á máa yá lọ́fẹ̀ẹ́, ìpàdé náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n kà á sí ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi owó orí dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn ò kọ́lé. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tajà, tó tún jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ni wọ́n to ìwé náà sí. Ó ju àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kọ́ ilé alábíríkì fún un.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún ọlọ́lá náà: kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì, kí wọ́n sì fi owó oṣù ẹni kan fún ọdún mẹ́wàá pamọ́ sí báńkì. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n wá ra sìmẹ́ǹtì.

Ta ló ń náwó sí tiwa?

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. National Library, tí wọ́n ṣí ní 1964, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Nígbà tí owó Carnegie dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ l'Ékòó ní 1932, àwọn tó ń sanwó ọmọ ẹgbẹ́ ló wà fún, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1953, UNESCO pe ìpàdé ńlá sí Ìbàdàn lórí ilé ìkàwé ti gbogbo ènìyàn ní Áfíríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ tó mọ̀wé kà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí eésú. Enugu ni UNESCO fi ṣe àwòṣe, wọ́n sì ṣí ilé ìkàwé ibẹ̀ ní 1959. Bí mo ti mọ ìtàn náà tó, ohun tó ń jẹ mí lógún ni bóyá owó díésẹ̀lì oṣù yìí á dé.

Ewúrẹ́ jẹ ìwé tí mo yá.

Ẹ gbé èyí tó kù wá. Ẹ ra irú rẹ̀ padà, tàbí kẹ́ ẹ san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sá, nítorí onídùúró yín ni màá lọ bá, mo sì mọ ilé wọn.

Ṣé ẹ lè bá mi ṣe fọ́tókọ́pì odindi ìwé kan?

Ojú ewé díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Odindi ìwé, rárá, bí ó bá ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹ̀tọ́ yẹn máa ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.

Wọ́n ní ẹ̀ ń gba ìwé ètò ìsìnkú. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ẹ mú èyíkéyìí tó wà nílé yín, ẹ kà á. Ọdún tí wọ́n bí bàbá, tàbí èyí tí ẹbí fẹnu kò sí. Orúkọ ìyá tó bí wọn àti agbo ilé rẹ̀. Oríkì. Iléèwé tí wọ́n lọ, ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, ìgbà tí wọ́n lọ sí Gánà, ọdún tí wọ́n padà dé, oyè tí wọ́n jẹ nínú ìjọ. Àwòrán wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh. Kò sí ìwé ìtàn kankan tó kọ ọ̀rọ̀ nípa télọ̀ tàbí ìyá aláṣọ òkè ìlú kékeré, àyàfi ìwé ìsìnkú wọn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á ti máa fi wé ẹ̀pà. Mo ti ra ẹ̀pà rí kí n lè gba ìwé náà.

Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀dà méjì wá fún wa. Ẹ tún mú kàlẹ́ńdà ìdílé, ìwé àjọ̀dún ìjọ, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ tí akọ̀wé rẹ̀ ti kú. A ń to wọ́n sórí pẹpẹ irin tí ikán ò lè jẹ, a gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ọ̀gbàrá, a sì fi káńfọ̀ sí i. Àwọn ọmọ yunifásítì ti ń wá lò ó fún iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ọmọ ìlú kan tó dàgbà sí London wá síbí lọ́jọ́ kan láti wá orúkọ ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ó bá a nínú ìwé ojú ewé mẹ́jọ kan. Ó jókòó sórí àga yẹn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ bá ń jà lórí oyè, ẹ má fi wá ṣe ẹlẹ́rìí. A ó fi ìwé hàn yín, a ò ní sọ pé ta ló jàre.

Ẹni tó bá sì kọ ìwé lórí ìlú wa fúnra rẹ̀, kó gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library. Òfin ti 1970 ní kí òǹtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀dà kẹrin jẹ́ tiwa. Òfin kankan ò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́.

Bàbá wa ò ríran kàwé mọ́.

Ẹ mú wọn wá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Àkókò yẹn ni àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì máa ń dé láti wá ka ìwé ìròyìn, ọ̀kan nínú wọn á máa kà á sókè, àwọn yòókù á máa bá ìjọba jà. Awò ńlá tó ń sọ lẹ́tà di ńlá wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹ béèrè rẹ̀. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá, Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Marrakesh ti 2013, tó gbà kí wọ́n sọ ìwé di Braille tàbí ti agbóhùn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa kò pọ̀. Ẹni tó lè kà á sókè ló pọ̀.

Ṣé a lè jẹun níbẹ̀? Ṣé a lè sùn?

Oúnjẹ, rárá, èkúté ni. Oorun, ẹ má hanrun.

Ọjọ́ wo lẹ máa ń ṣí?

Ajé sí Ẹtì, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ àgbà bá wà, ó máa ń di mẹ́fà. Ní oṣù tí WAEC bá sún mọ́, a máa ń ṣí ní Àbámẹ́ta pẹ̀lú. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì nígbà tó yẹ kó ṣí, ẹ bi ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n mọ ibi tí mo wà, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ wọn.